Eyín Tó Ń Mì, Eegun Tó Fúyẹ́

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìn-ín-ní

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ẹ kú ọwọ́ tó ń dùn yín. Mò ń kí yín lásán ni, torí ó di oṣù méjì gbáko báyìí tí mo ti gbóhùn yín gbẹ̀yìn. Mo pe fóònù yín láàárọ̀, ó dún títí ó fi dákẹ́. Mo tún pè é lọ́sàn-án, bákan náà ni. Mo pe àbúrò mi, ó ní, "Màmá wà pa. Wọ́n wà nídìí máṣìnì." Ṣé ẹni tó wà nídìí máṣìnì kò lè na ọwọ́ gbé fóònù ni?

Ó fi fọ́tò yín ránṣẹ́ sí mi, èyí tó yà lọ́jọ́ tí wọ́n tú símẹ́ńtì tí wọ́n fi di ọwọ́ yín tó kán. Mo wò ó, mo gbé e kalẹ̀, mo tún gbé e. Ẹnu yín padé bíi pé ẹ fi abẹ́rẹ́ rán an. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń rẹ́rìn-ín kí ayàwòrán tó gbé ẹ̀rọ sójú! Mo bi ara mi pé kí ni mo ṣe. Ṣé torí pé mi ò wálé nígbà tí ẹ ṣubú ni? Àbí ọ̀rọ̀ tí mo sọ pé kí ẹ ti ṣọ́ọ̀bù pa, kí ẹ sinmi, ló bí yín nínú? Mo ti ń rìn kiri inú yàrá mi lókè òkun níbí láti àárọ̀. Yàrá náà ò ju ìṣísẹ̀ méje lọ, mo ti kà á. Mo jókòó kọ̀wé, mo dìde, mo tún jókòó. Ẹ̀yin náà lẹ sọ mí ní Ẹsẹ̀-ò-gbélé, ẹ ò sì parọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ń lo oògùn eegun tí dókítà kọ fún yín? Èèyàn kàn na ọwọ́ mú ìdì aṣọ lórí pákó, ó yọ̀, ó fọwọ́ tilẹ̀, ọwọ́ sì kán bí igi gbígbẹ. Kò yẹ kí ọwọ́ kán bẹ́ẹ̀. Dókítà ní eegun yín ti fúyẹ́. Ẹ má fi ṣeré.

Bí ẹ ò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ kọ̀wé. Bí ẹ bá ń bínú, ẹ kọ ìbínú náà síbẹ̀, màá kà á.

Èmi ọmọ yín,
Ẹsẹ̀-ò-gbélé


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kìn-ín-ní

Ẹsẹ̀-ò-gbélé ọmọ mi,

Mo rí ìwé rẹ gbà. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ibi iṣẹ́ ńkọ́? Àwọn dókítà eyín tí ò ń gbálẹ̀ fún, ṣé wọn ò fi ìnira kún ìnira rẹ?

Ta ló sọ fún ọ pé mò ń bínú? Fọ́tò lásán lo fi dá mi lẹ́jọ́. Arúgbó ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín? Ọmọkùnrin yìí kàn gbé fóònù sí mi lójú nígbà tí ara ṣì ń yún mi níbi tí wọ́n ti tú símẹ́ńtì. Ọwọ́ náà ti san. Ó kàn tínrín ju ìkejì lọ ni, àfi bíi pé mo yá a lọ́wọ́ ọmọdé.

Ní ti oògùn, mò ń lò ó. Àárọ̀ Sátidé ni. Nọ́ọ̀sì ní kí n tó fẹnu kan ohunkóhun, kí n fi odidi ife omi kan gbé e mì, kí n má sì dùbúlẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kí n dúró ṣánṣán tàbí kí n jókòó nàró. Iwájú ilé ni mo máa ń dúró sí, bí ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ báńkì. Àwọn ará àdúgbò á máa kọjá, wọ́n á ní, "Ìyá Aránṣọ, ta lẹ̀ ń retí?" Mi ò lè dá wọn lóhùn dáadáa, mo kàn ń juwọ́ sí wọn ni.

Má fi ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù dà mí láàmú mọ́. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mo ti wà nídìí máṣìnì yẹn. Bí mo bá tì í, kí ni màá máa jí lọ ṣe? Kí n máa ka pákó àjà ilé?

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí o bá mi rà: àlùmọ́gàjí kékeré, èyí tí ò ju ìka lọ, tí wọ́n fi ń gé òwú. Kó mú o. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ń họ òwú ni, kì í gé e.

Jọ̀wọ́ má pe fóònù mọ́. Ìwé sàn jù. Èèyàn lè ka ìwé lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì

Ìyá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìdúró Sátidé. Mo rẹ́rìn-ín ọlọ́pàá báńkì yẹn nínú bọ́ọ̀sì débi pé ẹni tó jókòó tì mí sún kúrò. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbẹ mọ́ mi lẹ́nu.

Àlùmọ́gàjí wà nínú àpò ìwé yìí. Ṣùgbọ́n Màmá, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, eyín lẹ fi ń gé òwú. Bàbá mi sọ̀rọ̀ títí ó fi sú wọn. Píìnì mẹ́fà á wà létè yín, ẹ ó sì tún máa bá oníbàárà jiyàn. Kí ló dé tí eyín fi kọ iṣẹ́? Kí ló dé tí ẹ ò fẹ́ fóònù mọ́? Kí ló dé tí ẹ ń juwọ́ sí àwọn ará àdúgbò dípò kí ẹ bá wọn sọ̀rọ̀? Ibi iṣẹ́ ni mo wà, tí mò ń nu ilẹ̀, nígbà tí gbogbo rẹ̀ so pọ̀ lọ́kàn mi. Mo fi igi ìnulẹ̀ ti ògiri.

Mo lọ bá dókítà eyín tó ni ibẹ̀. Obìnrin ni, kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀rọ̀ ìyá mi ni." Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ní kí n jókòó. Ó ní láti ìgbà èwe, ohun kan wà nínú ara obìnrin tó ń bá a ṣọ́ eegun. Bí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró, ohun náà á dín kù, eegun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo nínú bíi kànrìnkàn. Ó ní eegun àgbọ̀n tó di eyín mú, eegun lòun náà. Bí erìgì bá ti ń ṣàìsàn, tí àìsàn náà sì bá eegun tó ti fúyẹ́ pàdé, eyín á bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó wá bi mí pé, "Ṣé ẹ̀jẹ̀ máa ń wà lára búrọ́ọ̀ṣì wọn?" Mi ò mọ̀. Ojú tì mí pé mi ò mọ̀.

Ó ní kí n sọ kiní kan fún yín: ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan eyín yín, kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé ẹ ń lo oògùn eegun. Ẹ̀ẹ̀mejì ló tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi létí.

Ẹ dá mi lóhùn kíákíá. Ara mi ò balẹ̀.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta

Ìwọ ọmọ yìí,

O kú ìwádìí. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ló yẹ ọ́, kì í ṣe ti agbálẹ̀. Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ rẹ, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn pé o gbé ọ̀rọ̀ ẹnu mi lọ síwájú àjèjì.

Ó dáa. Eyín mẹ́ta ló ń mì. Méjì níwájú nísàlẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Bí mo bá fi ahọ́n tì wọ́n, wọ́n á máa mì bí ilẹ̀kùn tí ìdè rẹ̀ ti jẹrà. Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ó ti lé lọ́dún kan. Búrọ́ọ̀ṣì pupa ni mo rà kí n má baà máa rí i. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀, atẹ́gùn á máa súfèé láàárín ọ̀rọ̀, ìdí tí mi ò fi gbé fóònù rẹ nìyẹn. Òórùn sì wà níbẹ̀. Òun ló dùn mí jù. Ìyá ìyàwó kan wá dá aṣọ lóṣù tó kọjá. Mo sún mọ́ ọn láti wọn àyà rẹ̀, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fọwọ́ bo imú bí ẹni tó fẹ́ sín. Kò sín. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń wọn èèyàn, mo máa ń di èémí mi mú.

Wá gbọ́ èyí. Obìnrin tó ń ta símẹ́ńtì ìkọ́lé, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí tèmi, ní oògùn eegun yẹn ló ń jẹ èèyàn lágbọ̀n. Ó ní ẹnìkan tóun mọ̀ lò ó, ó yọ eyín, ihò náà ò di, eegun sì yọ sí i lẹ́nu bí òkúta. Mo délé, mo da oògùn náà sínú agolo bọ́tìnì, mo dé e pa. Sátidé mẹ́ta rèé tí mi ò lò ó. Ṣé kí n máa fowó ara mi ra ohun tó máa jẹ mí ni?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù yìí, mò ń lọ sọ́dọ̀ ayọyín tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀. Ó ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa gbà. Kí n yọ wọ́n, kí n sinmi. Àbúrò rẹ ló máa fi ọkọ̀ gbé mi lọ.

Má wulẹ̀ kọ̀wé pé kí n má lọ. Kí ìwé rẹ tó dé, mo ti lọ, mo ti bọ̀.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹta

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé. Mi ò tíì rí èsì yín. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo ti ṣí àpótí lẹ́tà ẹnu ọ̀nà lónìí. Ọjọ́ Àìkú ni, wọn kì í mú lẹ́tà wá lọ́jọ́ Àìkú, mo sì mọ̀.

Búrọ́ọ̀ṣì kan wà nínú ẹrù yìí, ó rọ̀ bí irun ọmọ tuntun. Dókítà ló fún mi. Mo tún bi í nípa oògùn eegun. Ó ní bí èèyàn bá ń lò ó, kó má dá a dúró fúnra rẹ̀, kó lọ bá ẹni tó kọ ọ́ fún un. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú erìgì kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹ̀mú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan wọlé pẹ̀lú aṣọ tó dì mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹnìkan ló bá a yọ eyín nílé. Èmi ni mo nu ibi tó jókòó sí. Mi ò fẹ́ ronú nípa rẹ̀ rárá.

Ẹ ṣáà kọ̀wé. Bó jẹ́ ìlà kan péré.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta

Màmá,

Mi ò kí yín. Ẹ forí jì mí, màá kí yín nígbà tí ara mi bá balẹ̀.

Òní ni ìwé yín dé. Ọjọ́bọ̀ ti kọjá láti ọjọ́ márùn-ún. Ìdúró ni mo kà á, lẹ́nu ọ̀nà, àpò iṣẹ́ ṣì wà léjìká mi. Mo pe àbúrò mi nígbà mọ́kànlá. Wọ́n ní fóònù rẹ̀ ti kú. Ó ṣeé ṣe kó ti gbé èrò lọ sọ́nà jíjìn. Mo pe tiyín náà. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbé e, mo pè é.

Mo pe dókítà, ó ní kí n bi yín ní nǹkan mẹ́ta: ṣé ihò náà ò tíì di, ṣé ó ń ṣọyún, ṣé ètè yín ti kú tiiri. Bí ọ̀kan bá ṣe yín nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ má dúró de èsì mi, ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbà lọ.

Ẹ fi agolo bọ́tìnì pa oògùn mọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì pupa bo ẹ̀jẹ̀, ẹ fi ìwé bo ohùn. Ta lẹ̀ ń fi í pamọ́ fún? Èmi tí ẹ bí?

Ẹsẹ̀-ò-gbélé


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹrin

Ìyá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti lé lọ́sẹ̀ méjì tí mo kọ̀wé, ẹ ò fèsì. Àbúrò mi gbé fóònù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní, "Wọ́n ní kí n má sọ nǹkankan, àwọn fúnra wọn ló máa kọ̀wé." Ó sì gé e. Ṣé irú èyí dáa?

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo da korobá omi nù níbi iṣẹ́ lónìí. Dókítà pè mí, ó ní kí ló dé. Mo sọ fún un. Ó wò mí, ó ní, "Ìwọ alára ńkọ́? Jókòó síbẹ̀." Àga tí mo ti ń nù fún ọdún mẹ́fà, mi ò jókòó sórí ẹ̀ rí. Ó tan iná sí mi lẹ́nu, ó ń fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọn ìdí eyín mi, ó ń pe nọ́ńbà fún nọ́ọ̀sì: mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà. Mo ti gbọ́ ọ títí lẹ́nu iṣẹ́, mo mọ̀ pé èyí tó bá ti kọjá mẹ́ta ò dáa. Nígbà tí mo tutọ́, pupa ni.

Màmá, ó di ọdún mẹ́ta tí nǹkan oṣù mi ti dúró. Mi ò sọ fún yín. Ẹ ti dúró dè mí pẹ́, ẹ ti ra aṣọ ọmọ pamọ́ rí, mo mọ ibi tí ẹ kó o sí. Mo rò pé bí mo bá sọ pé tèmi ti dúró, ìrètí yín náà á dúró.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi pé ẹ wà láàyè.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹrin

Ẹsẹ̀-ò-gbélé,

Mo wà láàyè. Èyí ni kí o kọ́kọ́ kà. Ìwé rẹ ti ọjọ́ kẹwàá àti èyí tí o ò fi kí mi, ọjọ́ kan náà ni wọ́n dé. Mo gba àìkíni rẹ, ẹ̀bi mi ni.

Mo lọ lọ́jọ́bọ̀ yẹn. Kọ̀ńténà kékeré kan ni ayọyín wà, àga agẹrun ló sì gbé kalẹ̀ síbẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ò ní bi mí léèrè oògùn tí mò ń lò?" Ó ní, "Màmá, eyín ni mò ń yọ o. Bí ẹ bá fẹ́ yọ oògùn, ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà." Àwọn tó wà níta rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, mo la ẹnu. Ibẹ̀ ni mo ti ṣàṣìṣe. Ó fa ti apá ọ̀tún, ó dún kàá nínú orí mi. Kí n tó mí, ó ti na ẹ̀mú sí èkejì. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ rẹ sọ sí mi lọ́kàn, pé ẹ̀ẹ̀mejì ni dókítà rẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ létí. Èmi náà kọ́ ọmọ níṣẹ́ rí. Bí mo bá sọ fún ọmọ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì pé má gé ibẹ̀ yẹn, nǹkan wà níbẹ̀. Mo gbá ọwọ́ ayọyín náà dànù, mo dìde tòun ti aṣọ tó so mọ́ mi lọ́rùn. Ó ń pè mí, mi ò bojú wẹ̀yìn.

Ihò náà ò di. Ọjọ́ kẹta kọjá, ọjọ́ kẹfà, ọjọ́ kẹsàn-án. Ó ń ro mí dé etí. Mo fi ahọ́n kàn án, nǹkan líle kan gún mi. Ó di òkúta tí obìnrin onísímẹ́ńtì sọ lọ́kàn mi. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ń rìn yí máṣìnì ká, mo gbé aṣọ, mo gbé e kalẹ̀. Mo rán apá òsì sójú apá ọ̀tún lára ẹ̀wù oníbàárà, èmi, láti ọdún mẹ́rìnlélógójì! Ìdí tí mi ò fi kọ̀wé sí ọ nìyẹn. Kí ni ǹ bá kọ? Pé àgbọ̀n mi ń já bọ́?

Lọ́jọ́ kejìlá, àbúrò rẹ ti ọ̀nà jíjìn dé, ó rí bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ṣe wú. Kò bá mi jiyàn, ó kàn ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó di ilé ìwòsàn ńlá. Ọmọbìnrin kékeré kan ni dókítà eyín tó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ló wà, bọ́tìnì ni ǹ bá ní kó máa tò. Kí ó tó ní kí n la ẹnu, ó ní, "Màmá, oògùn wo lẹ̀ ń lò?" Mo bú sẹ́kún. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí dórí agolo bọ́tìnì.

Wọ́n ya fọ́tò eegun àgbọ̀n mi. Àbúrò rẹ di ọwọ́ mi mú níta, èyí tó kán yẹn gan-an, ó ń dùn mí, mi ò sọ fún un kó fi í sílẹ̀. Ọmọbìnrin náà jáde, ó ní, "Màmá, eegun yín ò kú. Ayọyín yẹn ló dá eyín sí méjì, ìdí rẹ̀ ṣẹ́kù síbẹ̀, ó sì ti ń jẹrà." Ó yọ ọ́, ó fọ ibẹ̀ mọ́. Ó ní kì í wọ́pọ̀ kí oògùn yẹn ba àgbọ̀n jẹ́, pàápàá fún ẹni tí kò tíì lò ó ju oṣù mélòó kan lọ, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó ń yọ eyín mọ̀ kó lè ṣọ́ra. Ó ní ìdọ̀tí tí mo fi sílẹ̀ ní ìdí eyín fún ọdún kan lòun bẹ̀rù jù.

Mo ní kó kúkú yọ méjì tó kù. Ó kọ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká tún ilé ṣe ná, Màmá, kí a tó lé ayálégbé." Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń lọ báyìí, ó ń ha ìdí eyín mi díẹ̀díẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló pe dókítà eegun. Wọ́n ní bí ihò náà bá ti di, kí n padà sórí oògùn. Ó tún sọ ohun kan: ó ní àwọn kan tó wádìí ọ̀rọ̀ yìí rí i pé erìgì àwọn obìnrin tó tọ́jú eegun wọn kì í sábà bàjẹ́ tó ti àwọn tí kò tọ́jú tiwọn. Ohun tí mò ń sá fún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló ń gbèjà mi.

Ìyá rẹ tó ń tọrọ àforíjì


Ọjọ́ kẹrin, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi, ìyá mi,

Mo ka ìwé rẹ ti ọjọ́ kẹta, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó. Ọdún mẹ́ta! O bú mi pé mo fi búrọ́ọ̀ṣì pupa bo ẹ̀jẹ̀. Ìwọ fi odidi òkun bo tìrẹ.

Ta ló sọ fún ọ pé ilé-ọmọ tó wà nínú rẹ ni mo so ìrètí mi mọ́? Lóòótọ́, mo dúró. Mo ra aṣọ. Mo sì ti fún ọmọ tí àbúrò rẹ bí ní aṣọ náà, ó ti wọ̀ ọ́ gbó. Ọmọ ni mo bí, mi ò bí ìyá ọmọ. Má tún jẹ́ kí n gbọ́ ọ.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tó ń jẹ mí lọ́kàn. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí mo ti ń rán aṣọ fún láti ọgbọ̀n ọdún, wá dá ẹ̀wù. Mo wọ̀n ọ́n tán, mo wá ṣí ìwé ìwọ̀n àtijọ́ láti wo irú ọrùn tó máa ń fẹ́. Láti èjìká dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, íńṣì mẹ́rìnléláàádọ́ta ló wà níbẹ̀. Èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n jẹ́ mọ́kànléláàádọ́ta àti ààbọ̀. Mo rò pé téèpù ló ti na. Mo gbé tuntun, mo tún un wọ̀n. Bákan náà.

Nígbà tó lọ tán, mo kó gbogbo ìwé ìwọ̀n jáde. Obìnrin mọ́kànlá tó ti kọjá ọgọ́ta ọdún ló ṣì ń rán aṣọ lọ́dọ̀ mi. Mẹ́jọ nínú wọn ti kúrú. Ọwọ́ mi yìí ló sì ń gé etí aṣọ wọn lọ́dọọdún! Wọ́n á ní, "Aránṣọ, aṣọ yìí ti ń gbálẹ̀." Màá ní, "Aṣọ ló na." Aṣọ ò na rárá. Àwa là ń kúrú.

Nígbà tí tíṣà padà wá, mo fi ìwé hàn án. Ó ní, "Ṣé àgbà kì í kúrú ni?" Mo ní, "Àgbà ń kúrú, ṣùgbọ́n íńṣì méjì àbọ̀ kọ́." Mo bi í bóyá ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní erìgì rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ bo ẹnu. Mo mọ ọwọ́ yẹn, mo ti gbé e bẹ́ẹ̀ rí. Ní Mọ́ńdè, a jọ lọ sílé ìwòsàn.

Ìwọ̀n tìrẹ wà níbẹ̀, èyí tí mo mú nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí o rìnrìn àjò, ọdún méjìlélógún rèé. Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni. Bọ́ bàtà, fẹ̀yìn ti ògiri, kí ẹnìkan wọ̀n ọ́ láti èjìká dé ọrùn ẹsẹ̀. Fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́. Má fi nǹkankan lé e.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Ìyá mi,

Ẹ kú ìtọ́jú ara yín, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Mo ka ọ̀rọ̀ ọmọ tí ẹ sọ yẹn nígbà mẹ́fà. Ẹ ṣeun.

Obìnrin tó ń gba káàdì níbi iṣẹ́ ló wọ̀n mí. Mo bá a jà. Mo ní kó gbé téèpù sókè díẹ̀, mo ní ògiri wọ́. Ó wọ̀n mí lẹ́ẹ̀mẹta. Mo délé, mo kọ mẹ́tàdínlọ́gọ́ta sínú ìwé sí yín, mo ya á. Mo tún un kọ, mo tún un ya. Màmá, márùndínlọ́gọ́ta àti ààbọ̀ ni.

Mo gbé e lọ bá dókítà, wọ́n sì rán mi lọ ya fọ́tò eegun. Ọ̀kan nínú eegun ẹ̀yìn mi ti wó díẹ̀. Ẹ rántí ẹ̀yìn tó dùn mí lọ́dún tó kọjá, tí mo ní korobá omi ló fà á? Òun ni. Eegun kán sí mi lára, mo fi ìpara ra á, mo sì lọ síbi iṣẹ́. Ọdún méjìléláàádọ́ta péré ni mí.

Wọ́n ti ń tọ́jú erìgì mi. Bí wọ́n bá parí lóṣù tó ń bọ̀, màá bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí mo bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì báyìí, mo máa ń di irin mú bí ẹni tó fẹ́ já sínú odò. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹlòmíràn.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Mo rí nọ́ńbà náà. Mo dúpẹ́ pé o ò parọ́ fún mi.

Ihò mi ti di. Sátidé kejì rèé tí mo ti padà sórí oògùn. Ẹ̀jẹ̀ ti dín kù gan-an. Eyín méjì yẹn ṣì ń mì díẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn ní bí mo bá ń tọ́jú wọn wọ́n lè pẹ́, wọ́n sì lè má pẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ, ó ní òun ló máa yọ wọ́n, kì í ṣe ayọyín tó ń lo àga agẹrun. Bẹ̀rù díẹ̀, kò burú. Di irin bọ́ọ̀sì yẹn mú dáadáa. Ṣùgbọ́n má jókòó sójú kan nítorí ìbẹ̀rù. Wọ́n ní ìrìn dára fún eegun, o sì mọ̀ ọ́n rìn ju gbogbo wa lọ.

Mo rán aṣọ kan fún ọ, ó wà nínú ẹrù yìí. Nígbà tí mo tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ọwọ́ mi lọ tààrà sí mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, torí bẹ́ẹ̀ ló ṣe mọ̀ ọ́. Mo dá a dúró. Ó pẹ́ kí n tó lè gé e. Mo gé e sí ibi tí o wà báyìí, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé, mo fa ìlà sí i nídìí.

Jẹ́ kí wọ́n tọ́jú ẹnu rẹ tán. Lo oògùn rẹ. Mi ò fẹ́ gé aṣọ rẹ kúrú mọ́.

Ìyá rẹ